Odó Tí Mo Dojú Rẹ̀ Délẹ̀

Mo ń juwọ́ sí ọkọ̀ ìkẹyìn títí ó fi yà lọ sí ọ̀nà Ọ̀yẹ́ tí n kò rí i mọ́. Lẹ́yìn náà mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo dúró láàárín pálọ̀. Ilé dákẹ́. Láti ìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan tí a ó ṣe Kérésìmesì ni mo ti ń retí ìdákẹ́jẹ́ yìí.

Kì í ṣe pé n kò fẹ́ràn àwọn ọmọ mi. Mo fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ni n kò ti sùn lórí ibùsùn ara mi. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Èkó ni mo fi yàrá sílẹ̀ fún, òun àti ọkọ rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ wọn. Èmi wà lórí àga gígùn inú pálọ̀, ẹsẹ̀ mi yọ síta, ẹni tó bá sì ń lọ sí ilé ìdáná á kọsẹ̀ lára mi, á ní, “Ẹ má bínú, Bàbá,” á sì tún kọsẹ̀ nígbà tó bá ń bọ̀.

Ti oúnjẹ ló wá burú jù. Àlejò wá láti Ìdó, wọ́n wá láti Ọ̀yẹ́, wọ́n wá láti Ìpáò tí í ṣe ìlú ìyàwó mi. Kò sí ẹni tí yóò wá sí ilé wa ní Ìkọ̀lé nígbà ọdún tí a ó fún ní ìrẹsì, tí yóò gbà pé òun ti jẹun. Yóò jẹ ìrẹsì náà tán, yóò nu ẹnu, yóò sì tún jókòó. Iyán ló ń retí. Àwọn ọmọ mi ọkùnrin gún un lọ́jọ́ kìíní. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọ̀kan ní àtẹ́lẹwọ́ òun ti bó, èkejì ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ọmọ mi obìnrin wá mú ìyẹ̀fun kan tó wà nínú ọ̀rá jáde, ó ní kí a kàn rò ó lórí iná, iyán náà ni. Àna mi kan láti Ìpáò, àgbà obìnrin, gba ọ̀rá náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó dá a padà. Ó wá wò mí.

“Tísà, ṣé ẹ ní kí n máa lọ ni?”

Mo dìde, mo gba ọmọ odó. Láti ọjọ́ náà títí gbogbo wọn fi lọ, èmi ni mo ń gún iyán ilé yìí.

Nígbà tí ìyá àwọn ọmọ mi wà láyé, òun ló máa ń ṣètò gbogbo rẹ̀. Òun ló mọ ẹni tí a ó fi ẹnu nìkan gbà, tó mọ ẹni tí a ó fi ẹran kún ọbẹ̀ fún, tó mọ ìgbà tó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í yán kí àlejò lè dìde. Èmi kò mọ ọ̀kankan. Ohun tí mo mọ̀ ni kí n jókòó síbi kan kí n máa dáhùn ìkíni. Mo pẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwé. Mo ti ń bá bàbá mi dá oko ní Odò-Orò kí wọ́n tó mú mi lọ sí kíláàsì kìíní, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó tísà tó ń kọ́ mi. Bí mo bá la ẹnu, àwọn ọmọ kéékèèké á rẹ́rìn-ín. Ni mo bá kọ́ bí a ṣe ń pa ẹnu mọ́. Èmi náà padà di tísà, ṣùgbọ́n ẹnu náà kò ṣí mọ́ ju ohun tí iṣẹ́ bá ní kó ṣí lọ.

Mo rìn yí ilé ká. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà lábẹ́ gbogbo àga. Wọ́n ti fi bírò ya mọ́tò sára ògiri. Ẹnìkan ti gbé fóònù sí ẹnu iná títí ihò rẹ̀ fi dúdú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé ni inú ti wá bí mi. Mo bá àpótí tí ìyàwó mi máa ń jókòó lé nínú iyẹ̀pẹ̀. Àwọn ọmọdé ti gbé e jáde lọ fi yin báńgà ọdún. Ojú rẹ̀ jó, ó dúdú roboto bí ìdí ìkòkò. Mo fi aṣọ nù ún, kò lọ. Mo gbé e padà sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé níbi tó máa ń wà.

Mo wá fọ odó. Mo fọ ọmọ odó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo gbé odó náà lọ sí iwájú ilé, sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo sì to àwọn ọmọ odó lé ìdí rẹ̀ lórí.

Ohun tí ìyàwó mi máa ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí àbíkẹ́yìn wa kúrò nílé lọ sí yunifásítì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí àlejò ọdún bá ti lọ tán, ṣáájú kó tó gbálẹ̀ pàápàá, yóò fọ odó, yóò gbé e lọ sí iwájú ilé, yóò dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tí òun tún ń gún iyán fún títí ilé ìwé yóò fi wọlé. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá kí wa yóò rí i láti títì. Yóò dúró síbẹ̀, yóò pariwo pé, “Ìyá, ẹ kú ìsinmi o!” yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn gàrí la máa ń jẹ, tàbí iṣu sísun àti epo, tàbí ẹ̀wà tó bá ṣẹ́ kù. Ọmọ Èkìtì méjì nínú ilé kan, kò sí iyán. A máa ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́.

Èmi á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, òun á jókòó lórí àpótí rẹ̀, á na ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á máa fẹ́ eruku wọlé, a kò ní gbá a. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà mìíràn á sọ pé, “O ò tíì sùn?” Èmi á ní, “Mo ń sùn.” Ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ kan tán nìyẹn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìwọlé, á yí odó padà sókè. Lọ́jọ́ kejì èmi á lọ síléèwé, ara mi á ti fúyẹ́.

Nínú ọdún odidi, àwọn ọjọ́ yẹn nìkan ni ilé jẹ́ ti àwa méjèèjì. Ìgbà òjò ọdún tó ṣáájú èyí tó kọjá ló kú. Kérésìmesì tó tẹ̀ lé e, ọ̀fọ̀ ṣì wà nílé, àwọn ẹbí kò sì fi mí sílẹ̀ títí mo fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Torí náà, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ilé yóò tún dá bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju kí n lo àwọn ọjọ́ yẹn bí a ṣe máa ń lò wọ́n, kí n tẹ́ ẹní síbi tí mo máa ń tẹ́ ẹ sí, kí àpótí wà níbi tó wà, kí ẹnikẹ́ni má sọ ohunkóhun. Ilé ìwé yóò wọlé lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la wà. Àkókò wà.

Mo tẹ́ ẹní. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Mo dùbúlẹ̀.

“Ẹ kú ulé o! Tísà, ṣé kò sí?”

Ìyá Ìjọ wa ni. Ilé rẹ̀ wà ní òpin àdúgbò wa, ọjà ló sì ń lọ. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn kí n tó dáhùn. Mo jáde sí i pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, mo tẹ̀ríba kí i, torí ó jù mí lọ.

“Ta ló dojú odó délẹ̀ níta yẹn?”

“Èmi ni, mà.”

“Ẹ̀yin fúnra yín?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

“Àwọn ọmọ ti lọ?”

“Wọ́n ti lọ, mà.”

“Gbogbo wọn?”

“Gbogbo wọn.”

“Hẹ̀ẹ́n.” Ó jókòó. “Àwọn ọmọ ìwòyí. Wọn ò lè fi ẹyọ kan sílẹ̀.”

Mo sọ ọ́ fún un. N kò lè sọ pé n kò sọ ọ́. Mo ní, “Ó kàn rẹ̀ mí ni, mà.”

Ó di ọwọ́ mi mú. “Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Kò ní rẹ̀ yín débi ikú.”

Ó gbàdúrà. Ó bá ẹ̀mí ìdánìkanwà wí, ó bá ẹ̀mí ìrẹ̀wẹ̀sì wí, ó ní ilẹ̀kùn ilé yìí kò ní tì pa mọ́ ẹnikẹ́ni nínú. Mo ṣe àmín. Nígbà tó ń jáde, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, ó fi ọwọ́ kàn án bí ìgbà tí èèyàn bá fọwọ́ kan orí aláìsàn, ó mi orí, ó lọ. Mo padà sórí ẹní. Mo rò pé ó tán.

Kí oòrùn tó wọ̀, kúlà oúnjẹ kìíní dé. Obìnrin tó gbé e wá kò fi í sílẹ̀. Ó ní, “Tísà, ẹ jẹ ẹ́ lójú mi, Ìyá Ìjọ ní kí n rí i.” Mo ṣí i. Iyán ni, ẹ̀gúsí, ẹran ìgbẹ́. Mo jẹ ẹ́ lójú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, méjì dé pọ̀. Lọ́sàn-án, Ìyá Ìjọ rán àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ìjọ wá jókòó tì mí. Àwọn méjì jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń já ewébẹ̀, wọ́n ń kọrin ìyìn lábẹ́lẹ̀. Wọ́n ní tí oorun bá ń kùn mí kí n lọ sùn, àwọn wà níbí. Mo lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn. N kò tíì fi orí lélẹ̀ tí ọ̀kan fi yọjú. “Ẹ̀ ń mí dáadáa ṣá, Tísà?” Mo ní mo ń mí. Ó padà lọ jíṣẹ́ fún èkejì pé mo ń mí. Wọ́n gbálẹ̀. Wọ́n gbá gbogbo eruku ọyẹ́ tí mo fẹ́ kó máa bà lé ilẹ̀. Wọ́n gbé àpótí ìyàwó mi, wọ́n ní ó ti jó, ṣé kí àwọn dáná ọbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀? Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo rò pé mo gbà á le ju bó ṣe yẹ lọ, torí ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n wo ara wọn. Ìyẹn náà dé etí Ìyá Ìjọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, òun fúnra rẹ̀ wá, ó sì mú arábìnrin kan lẹ́yìn. Mo mọ arábìnrin náà ní ìjọ, ọkọ rẹ̀ ti kú ó ti pẹ́. Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Ẹ tọ́ ọbẹ̀ yẹn wò,” Ìyá Ìjọ wí.

Mo tọ́ ọ wò.

“Ọwọ́ rẹ̀ dáa níbi ọbẹ̀, àbí?”

“Ó dáa, mà.”

“Ó tún máa ń dákẹ́ bíi tiyín.”

Arábìnrin náà gbójú sókè. A wo ara wa. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ilé rẹ̀ ni òun náà ì bá wà, kó na ẹsẹ̀. Wọ́n ti pè é dìde níbi tó ń sinmi sí. N kò tíì bá ẹnikẹ́ni kẹ́dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ibi tí a wà nìyẹn tí fóònù mi dún. Ọmọ mi obìnrin ni, láti Èkó.

“Bàbá, wọ́n ní ẹ ò jẹun mọ́.”

“Ta ni wọ́n?”

“Ìyá Ìjọ pè mí.”

Ìyá Ìjọ ń wo òrùlé. Mo jáde síta.

“Iyán ni mò ń jẹ láàárọ̀, iyán lọ́sàn-án, iyán lálẹ́.”

“Wọ́n ní ẹ da odó dojú dé. Wọ́n ní ẹ ń di àpótí Màmi mú, ẹ ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án.”

“Ìyá yín náà máa ń da odó dojú dé.”

“Màmi? Nígbà wo?”

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé kò sí ẹni tó rí i rí nínú wọn. Báwo ni wọn ì bá ṣe rí i? Ẹ̀yìn wọn ló máa ń ṣe é. Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Báwo ni èèyàn ṣe ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, nígbà tí ẹ bá lọ ni inú wa máa ń dùn?

“Bàbá, ẹ ń gbọ́ mi?”

“Mò ń gbọ́.”

“Lọ́jọ́ Sátidé mò ń bọ̀ wá mú yín. Ẹ wá sinmi ní Èkó. Màá bá ọ̀gá yín ní iléèwé sọ̀rọ̀.”

“Mo ní rárá, ìyá mi.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kí n máa sunkún nínú ọ́fíìsì.”

Ó ti ń sunkún. Ó gé fóònù.

Mo mọ ìsinmi Èkó. Wọ́n á tan tẹlifíṣọ̀n sí mi lójú, wọ́n á gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á máa dún lójú fèrèsé, wọ́n á sì máa bi mí bóyá mo ń gbádùn. Tí ó bá wá lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọjọ́ mi tán nìyẹn, ó di ẹ̀yìn ọdún mìíràn. Ta ló sì mọ ẹni tí yóò wà láyé lẹ́yìn ọdún mìíràn? Mo dúró níta pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Inú ń bí mi sí Ìyá Ìjọ, n kò sì lè bínú sí i, torí kò sí ohun tó ṣe bí kò ṣe inú rere. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó le. Ẹni tó bá wá ja èèyàn lólè, èèyàn lè lé e jáde.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Àlájà pè mí láti òdìkejì ọ̀nà. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ilé wa, ó ń ta mílíìkì àti ọṣẹ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òun àti ìyàwó mi ń ṣeré gan-an. Ó ti mọ́ṣáláṣí dé, kò tíì tú gèlè funfun orí rẹ̀.

“Tísà, ẹ wá. Ẹ wá ẹ jókòó síbí, àwọn Ìyá Ìjọ ò ní lè rí yín lẹ́yìn páálí mílíìkì.”

Mo jókòó lẹ́yìn páálí mílíìkì.

“Mo ń wò yín láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun,” ó wí. “Mo ní kí n wo ibi tó máa já sí. Ẹ ti sanra.”

“Àlájà, ẹ̀yin mọ odó yẹn. Ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí.”

“Mo mọ ohun tí ti ìyàwó yín túmọ̀ sí. Obìnrin ni odó. Tí obìnrin bá dojú odó rẹ̀ délẹ̀, ó ní ó rẹ òun, ẹ lọ sílé yín. Ta ló máa bá a jà? Gbogbo wa ni ì bá máa ṣe é tí ọkọ wa bá gbà.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ, ẹ wá gbé odó olóògbé síwájú ilé, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí èèyàn rò? Ẹ ń sọ fún gbogbo Ìkọ̀lé pé kò sí ẹni tó máa gún iyán fún yín mọ́ nìyẹn.”

N kò ronú dé ibẹ̀. Mo wo odó náà láti ibi tí mo jókòó sí. Láti òdìkejì ọ̀nà, ó jọ nǹkan tí wọ́n fi bo ojú òkú.

“Kí ni kí n wá ṣe?”

“Ẹ yí i sókè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ilé tí odó bá ti ń dún, ta ló ń ṣàánú rẹ̀?”

“Apá mi ń ro mí, Àlájà. Odó yẹn ni mò ń sinmi rẹ̀.”

“Ẹ máa sinmi ẹ̀ lọ nígbà náà.” Ó ju mílíìkì kan sí mi lọ́wọ́. “Ẹ fi mu tíì. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ máa lọ.”

Mo sọdá. Mo yí odó padà sókè. N kò ní iṣu lórí iná, kò sì wù mí kí n dá iná. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí ẹni tó ń kọjá. Mo mú ọmọ odó kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún inú odó lásán. Mo gún un bí ẹni tó ń gún iyán, mo tilẹ̀ dúró díẹ̀ kí n tún bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń yí i. Ohùn Àlájà la ọ̀nà kọjá.

“Tísà! Odó lẹ ń gún, ẹ ò gún iyán!”

Àwọn tó wá ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó tún kígbe: “Kò sí iṣu níbẹ̀! Àwa gbọ́ ọ! Ẹ fẹ́ fọ́ odó olódó ni?”

Ojú tì mí. Ó yẹ kí n mọ̀. Iṣu a máa gbé ohùn odó mì, á máa dún gbì, gbì, á wá di gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀. Tèmi ń dún kó, kó, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Kò sí obìnrin kankan ní Èkìtì tí kò ní mọ̀ ọ́n láti ilé kẹta.

Mo wọlé. Mo bó iṣu. Mo dáná. Mo dúró tì í títí ó fi jinná, mo ń bínú sí iṣu, mo ń bínú sí iná, mo ń bínú sí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn mi. Mo gbé iṣu jáde, mo dà á sínú odó, mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá àkọ́kọ́, apá mi kọ̀. Lẹ́yìn náà ó gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún bó ṣe yẹ kó dún.

Ọlọ́kadà kan kọjá. “Tísà, ẹ kú uṣẹ́ o!” Kò dúró. Obìnrin ẹgbẹ́ kan ń bọ̀ pẹ̀lú kúlà lórí. Ó dúró ní títì, ó tẹ́tí, ó wo odó, ó wò mí. “Ẹ̀yin lẹ ń gún un yẹn?” Mo ní èmi ni. “Ó mà dáa o. Ó mà dáa.” Ó yí padà pẹ̀lú kúlà rẹ̀. Ìyá Ìjọ alára yọ láti ọ̀nà ọjà. N kò dáwọ́ dúró. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sókè níbi tó wà, ó ní, “Àdúrà gbà!” ó sì ń lọ sí ilé rẹ̀. Kò yà.

Fóònù dún lórí àtẹ̀gùn. Mo tẹ̀ ẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta, mo sì ń gún iyán lọ.

“Bàbá, ìdájí ọ̀la la máa gbéra, ẹ di ẹrù yín... Kí ló ń dún yẹn?”

“Iyán ni.”

“Ta ló ń gún un?”

“Èmi ni.”

“Ta lẹ ń gún un fún?”

“Fún ara mi.”

Mo gbọ́ pé ó ń tẹ́tí. Mo gún un fún un dáadáa, mo jẹ́ kó gbọ́ bó ṣe ń fà. Ọmọ Èkìtì lòun náà, bó tilẹ̀ ń ra ìyẹ̀fun inú ọ̀rá.

“Ó ti ń kúnná,” ó wí nígbà tó yá. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

“Ó ti kúnná.”

“Ṣé ó dá yín lójú pé ẹ ò fẹ́ ká wá?”

“Ẹ wá ní Ọdún Àjíǹde. Mo fẹ́ sinmi báyìí ni, ìyá mi. Ó rẹ̀ mí. Kò sí nǹkan mìíràn.”

“Ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ó dáa, ó ní òun kò wá mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, kò sí ẹni tó wọlé. Nígbà tó di ọ̀sán, mo tún se iṣu, mo tún gún un, torí mo mọ̀ pé wọ́n ń tẹ́tí. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Àpá ọmọ odó hàn ní àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì. Gàrí tí mo fi pamọ́ wà nínú agolo, n kò fọwọ́ kàn án. Iyán ni mo jẹ, iyán tí mo ti ń sá fún láti Kérésìmesì, mo sì gún un pọ̀ jù lẹ́ẹ̀mejèèjì, torí ọwọ́ mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń wọn iṣu ẹnìkan.

Mo fi odó sílẹ̀ lójú sókè ní iwájú ilé, mo fi ọmọ odó tì í nínú kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá rí i. Mo gba ẹ̀yìn lọ. Eruku ọyẹ́ ti tún bo ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo tẹ́ ẹní lé e lórí. Àpótí wà níbi tó wà, pẹ̀lú ojú jíjó rẹ̀. Kò sí ohùn kankan nínú ilé.

Mo dùbúlẹ̀. Apá ń ro mí láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Mo dúró kí ẹnìkan bi mí bóyá n kò tíì sùn. Nígbà tó pẹ́, mo dáhùn pé mò ń sùn, mo sì yí ojú sí ògiri.